Afárá Bàbá Mo-ti-mọ̀

Kò sí ẹni tó lè kọ́ Bàbá Mo-ti-mọ̀ ní nǹkan. Ọ̀rọ̀ kì í tíì dé ìdajì lẹ́nu yín tí yóò fi gbé ọwọ́ sókè: “Mo ti mọ̀.” Dókítà ní kó dín iyọ̀ jíjẹ kù, ó ti mọ̀. Aṣọ́gbà kìlọ̀ fún un pé agbọ́n ti kọ́lé sábẹ́ òrùlé rẹ̀, ó ti mọ̀. Nígbà tí agbọ́n ta á tán, tí ètè rẹ̀ wú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú, ó ní òun ti mọ̀ pé wọn yóò ta òun, òun kàn fẹ́ mọ ibi tí wọn yóò gbà wá ni.

Àwọn ará àdúgbò ló fún un ní orúkọ náà láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun gbà á bí oyè. Wọ́n tilẹ̀ ti fi oríkì kún un: Mo-ti-mọ̀, ọkọ Àìmọ̀, a-wá-awò-kiri-tòun-tawò-lójú, igi kan ṣoṣo tó pe ara rẹ̀ ní igbó. Bí wọ́n bá kì í báyìí tán, á mi orí, á ní kí wọ́n tún un kì.

Kó tó fẹ̀yìn tì, míta iná ló ń kà láti ojúlé dé ojúlé. Iṣẹ́ gidi ni, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní, “Èmi àti iná mànàmáná la jọ ṣiṣẹ́ pọ̀,” bí ẹni pé inú ọ́fíìsì kan náà làwọn méjèèjì ń jókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ tí à ń wí yìí, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ju iná lọ. Alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ti kó lọ síbòmíràn, àga rẹ̀ sì ṣófo. Ẹni méjì ni wọ́n ń wò fún un. Ọ̀kan ni Bàbá Mo-ti-mọ̀. Ìkejì ni Màmá Nọ́ọ̀sì, tí ògiri ilé rẹ̀ fara kan ti Bàbá Mo-ti-mọ̀, obìnrin tó gbẹ̀bí ìdajì àwọn ọmọ tó ń sáré kiri ní àdúgbò náà. Ẹgbẹ́ ti fi yíyàn lé àgbà méjì lọ́wọ́: Bàbá Tíṣà, tó ti na ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kíláàsì, àti Oníbúrẹ́dì, tí búrẹ́dì rẹ̀ ń kéré sí i bí ara rẹ̀ ṣe ń tóbi sí i. Àwọn àgbà yìí ní lọ́jọ́ Sátidé làwọn yóò yà kí olùdíje méjèèjì nílé wọn, àwọn yóò sì sọ ẹni tí ọkàn àwọn mú.

Bàbá Mo-ti-mọ̀ fẹ́ àga yẹn. Ó fẹ́ ẹ dé ibi pé ó ti ń fi ohùn alága wúkọ́.

“Sátidé náà ni àṣekágbá bọ́ọ̀lù,” ó wí fún ìyàwó rẹ̀. “Bí wọ́n bá wọ pálọ̀ mi, tí wọ́n rí bọ́ọ̀lù lójú tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, tí ohùn ń jáde ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ta ni yóò tún máa béèrè ohun tí mo mọ̀?”

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kì í dé pálọ̀, Bàbá wọn.”

“Mo ti mọ̀.”

Òótọ́ ni, ó mọ̀ ọ́n, nítorí òun ló fà á. Ráútà tó ń fọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ká ilé wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní yàrá ẹ̀yìn, lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, kí aládùúgbò kankan má baà rí i mu láti òde. “Ẹni òùngbẹ bá ń gbẹ,” ló máa ń wí, “kó gbẹ́ kànga tirẹ̀.” Búláńkẹ́ẹ̀tì náà dáàbò bo nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé ibi pé àwọn tó ni ín gan-an kì í rí i lò.

Ìdí nìyẹn tó fi ra afárá. Kì í ṣe afárá orí odò o. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, kò ju páálí ọṣẹ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú afẹ́fẹ́, kó wá fi wáyà gbé e fún tẹlifíṣọ̀n, sípíkà àti ẹ̀rọ géèmù tí wọn kò lè fúnra wọn gbà á. Ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n pe ẹni tó mọ̀ ọ́n so. Ó wò ó bí ẹni wo ọmọdé.

“Èmi tí mo bá iná ṣiṣẹ́, ṣé páálí ọṣẹ ni yóò wá dẹ́rù bà mí?”

Ìwé ìlànà tó bá àpótí náà wá, ó ká a mẹ́rin, ó kì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Tábìlì nìkan ló rí àǹfààní kankan nínú ìwé náà.

Nígbà tó tan afárá, orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì jáde lójú fóònù rẹ̀. Tirẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Ti Màmá Nọ́ọ̀sì kún dẹ́múdẹ́mú. Bẹ́ẹ̀ ló sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń wọ ti Màmá Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyàwó rẹ̀ ní orúnkún, Màmá Nọ́ọ̀sì ló ń wá tọ́jú ojú ọgbẹ́, òun ló sì fún un ní ọ̀rọ̀ náà pé kó máa fi wo fíìmù lórí ibùsùn títí ara yóò fi yá. Ara ìyàwó ti yá tipẹ́. Fóònù ọkọ rẹ̀ ni kò tíì yá.

“Ti Màmá Nọ́ọ̀sì lẹ tẹ̀ yẹn o,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ẹ kúkú gbé ráútà wa jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù.”

“Kí gbogbo ayé wá máa mu ún lọ́fẹ̀ẹ́?”

“Àwa tí à ń mu ti ẹlòmíràn ńkọ́?”

“Tiwa yàtọ̀. Àwa mọ̀ ọ́n mu.”

Ó ku wáyà. Ó na apá sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀fù tẹlifíṣọ̀n níbi tí wáyà ti lọ́ mọ́ra bí irun tí kò rí òòyà, ó ń fi ìka wá ihò. Ó rí ọ̀kan. Ó ki wáyà bọ̀ ọ́. Ihò náà kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n. Ti dikódà àtijọ́ kan ni, èyí tó ti kú tí kò jẹ́ kí wọ́n gbé dànù. Ṣùgbọ́n iná aláwọ̀ ewéko kan tàn lára afárá. Bàbá Mo-ti-mọ̀ gbá àyà. Iná ti dá a lóhùn. Ojúlùmọ̀ ni wọ́n.

Ọjọ́ Sátidé pé. Ó wọ kóòtù nínú ilé ara rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin àgbà wa! Ẹ jókòó síwájú níbí. Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kan wáyà yẹn o, ìmọ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá.”

“Ta ló bá yín so ó?” Oníbúrẹ́dì béèrè, ó ti ń wo ìpápánu.

“Ọwọ́ kankan ò kàn án lẹ́yìn ọwọ́ mi.”

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ náà ńkọ́?”

“Tèmi ni, látòkè délẹ̀. Èmi kì í mu nínú kànga ẹlòmíràn. Alága tó bá ń mu nínú kànga ẹlòmíràn, kí ló fẹ́ fi kọ́ àdúgbò?” Ó fi ohùn alága wúkọ́. “Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá mọ iná ló mọ ooru, ẹni tó bá mọ ooru ló mọ oòrùn, ẹni tó bá sì mọ oòrùn, ẹ jẹ́ kó ṣe alága.”

“Àwọn àgbà wo?” ni Bàbá Tíṣà béèrè.

Bàbá Mo-ti-mọ̀ ò gbọ́. Ó ti fa fóònù yọ, ó ṣí bọ́ọ̀lù, ó ní kí fóònù gbé e lọ sójú tẹlifíṣọ̀n. Fóònù bi í pé tẹlifíṣọ̀n wo. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ti ta ni ìbá tún jẹ́?

Ti Màmá Nọ́ọ̀sì ni. Tẹlifíṣọ̀n ti Bàbá Mo-ti-mọ̀ kò sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Dikódà tó ti kú ni wáyà ń bọ́. Tẹlifíṣọ̀n Màmá Nọ́ọ̀sì sì jókòó jẹ́ẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Màmá Nọ́ọ̀sì. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, ohunkóhun tó bá wà lójú fóònù Bàbá Mo-ti-mọ̀, pálọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì ló ń yọ sí, gbàgàdà. Inú pálọ̀ yẹn sì ni ìdajì àdúgbò jókòó sí tí wọ́n ká apá aṣọ sókè, tí wọ́n ń dúró kí Màmá Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, bó ti máa ń ṣe ní gbogbo Sátidé.

Níhìn-ín, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú bí ìdí ìkòkò.

“Ó ń gbóná lọ́wọ́,” ni Bàbá Mo-ti-mọ̀ wí. “Ẹ̀rọ tó bá lọ́gbọ́n kì í kánjú.”

Alága kì í pariwo pe ìyàwó rẹ̀ nílé ìdáná. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń fi ránṣẹ́ sí i. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: *Má gbé ìgò ńlá yẹn jáde. Ti kékeré tó wọn.*

Ẹ̀rín bú gbàù lẹ́yìn ògiri.

“Kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún?” ni Oníbúrẹ́dì béèrè.

“Ilé Nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ní ìfúnpá ni wọ́n ń wọ̀n. Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọn ìfúnpá nìyẹn? Obìnrin tí kò lè kápá pálọ̀ ara rẹ̀, ẹ fẹ́ fi àdúgbò lé e lọ́wọ́.”

Ó tún tẹ̀: *Bàbá Tíṣà ti ń mi orí. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń gbà fún mi ni tàbí oorun ni.*

Ẹ̀rín.

*Oníbúrẹ́dì ti fẹ́ jẹ abọ́ mọ́ ìpápánu. Búrẹ́dì rẹ̀ ló ń dín, ẹnu rẹ̀ ò dín.*

Ẹ̀rín, pẹ̀lú ẹni tó ń fi ọwọ́ lu tábìlì.

*Bí wọ́n bá ti yàn mí tán, géètì àdúgbò ló máa kọ́kọ́ ṣí kúrò. Ẹnu ọ̀nà tiwa ni mò ń gbé e sí. Kí àwọn yòókù gba ẹ̀yìn. Ọlọ́dẹ á máa fọ mọ́tò wa láàárọ̀.*

Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹ̀rín. Ariwo ni.

Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn láti ilé ìdáná: *Bàbá wọn, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá kọ̀wé sí mi ni wọ́n ń pariwo. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn lẹ sì ń lò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.*

Bàbá Mo-ti-mọ̀ tẹ èsì rẹ̀: *Mo ti mọ̀.*

Ẹ̀rín tó tẹ̀ lé èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé.

Kò pẹ́ tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Màmá Nọ́ọ̀sì ló wọlé, ẹ̀rọ ìfúnpá lọ́wọ́. Aránṣọ kan tí apá aṣọ rẹ̀ kan wà nílẹ̀ tí ìkejì wà lókè tẹ̀ lé e, àwọn èrò sì kún ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn wọn.

“Ẹ káàsán o. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ fóònù yín kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n mi. Ìfúnpá gbogbo àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi ló ti gòkè.”

“Fóònù mi? Òun rèé lọ́wọ́ mi!”

“Ara rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín,” ni aránṣọ wí. “Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Bàbá Oníbúrẹ́dì, ẹ kú ìjẹun o. Wọ́n ní búrẹ́dì ló ń dín, ẹnu ò dín.”

Oníbúrẹ́dì rọra gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́.

Bàbá Tíṣà lajú. “Mi ò sùn o.”

“Ìyẹn náà wà níbẹ̀, Bàbá.”

“Wọ́n fẹ́ gbé géètì!” ni ohùn kan pariwo láti ẹnu ọ̀nà. “Ká máa gba ẹ̀yìn!”

Bàbá Tíṣà na ọwọ́, ilé sì dákẹ́ bíi kíláàsì. “Ẹ jẹ́ kó yé mi. Báwo ni ọ̀rọ̀ ilé yìí ṣe dé ọ̀hún? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ta ni?”

“Afárá ló ṣe é,” ni Bàbá Mo-ti-mọ̀ wí. “Afárá ló lọ gba ibi tí kò yẹ.”

“Ta ló so afárá?”

Bàbá Mo-ti-mọ̀ fi ohùn alága wúkọ́.

“Ọwọ́ kankan ò kàn án lẹ́yìn ọwọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.”

“Èmi ni mo fún ìyàwó yín ní ọ̀rọ̀ aṣínà,” ni Màmá Nọ́ọ̀sì wí, kò tilẹ̀ bínú. “Mo ní kó máa lò ó títí ara á fi yá. Àbí ara rẹ̀ ò tíì yá ni?”

Bàbá Mo-ti-mọ̀ rí ihò kan, ó kó sí i. “Kò tíì yá! Kò lè rìn dáadáa!”

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí. Ìyàwó rẹ̀ yan jáde gìrìgìrì, ìgò ńlá méjì lápá ọ̀tún, ìgò ńlá méjì lápá òsì. “Ara mi ti yá o, Màmá. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ibo ni kí n gbé ìwọ̀nyí sí?”

Oníbúrẹ́dì wo ìgò, ó wo ojú tẹlifíṣọ̀n tó dúdú. “Bọ́ọ̀lù ńkọ́?”

“Ọ̀dọ̀ wa ló ti ń lọ,” ni aránṣọ dáhùn. “Bí Bàbá bá ti dáwọ́ ìwé kíkọ dúró, á tún yọ.”

Bàbá Tíṣà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. “Ó tán. Alága, ẹ máa ṣáájú, à ń bọ̀ lẹ́yìn yín.”

Bàbá Mo-ti-mọ̀ dìde, ó de bọ́tìnnì kóòtù.

“Kì í ṣe ẹ̀yin,” ni Bàbá Tíṣà wí.

Wọ́n jáde tán pátá, àgbà méjèèjì, èrò, ìgò, ìyàwó. Bàbá Mo-ti-mọ̀ nìkan ló kù lórí àga, níwájú tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Ó tẹ ibì kan lójú fóònù, ó tún tẹ ibòmíràn, kí ó lè já a kúrò lára tẹlifíṣọ̀n ẹlòmíràn. Kò bi ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó dá a lójú pé ó ti já.

Ó jókòó. Ara rẹ̀ ò gbà á. Níkẹyìn ó kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: *Kí ni wọ́n ń sọ nípa mi níbẹ̀?*

Gbogbo pálọ̀ kejì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn wọn gba inú ògiri wọlé wá bá a, ó já gaara, láìsí afárá kankan:

“A ò tíì sọ nǹkan kan! Ẹ dá bọ́ọ̀lù wa padà!”