Ẹjọ́ Kọ́kọ́rọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Fọwọ́ Kàn

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò jí kọ́kọ́rọ́.

Obìnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ ló pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Akọ̀wé ló ń pe ọkùnrin náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Akọ̀wé ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ọkọ̀ wíwà. Ṣàdédé ni máàkì rẹ̀ kúrò ní 38, ó di 83. Orúkọ obìnrin yìí ni kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ pé ó yí i. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ní bí kò bá mú ẹni tó ṣe é wá lọ́la, kó máa lọ sílé.

Obìnrin náà ṣàlàyé pé inú kọ̀ǹpútà òun ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣílẹ̀kùn ibi tí máàkì wà, ọ̀rọ̀ aṣínà gígùn kan, ìyẹn páásíwọ́ọ̀dù, lòun sì fi tì í pa. Kó má baà máa tẹ̀ ẹ́ nígbà gbogbo, ó fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní aṣojú sínú ẹ̀rọ náà. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, aṣojú á di kọ́kọ́rọ́ mú, á máa bá a ṣílẹ̀kùn. Kì í fi kọ́kọ́rọ́ han ẹnikẹ́ni.

“Akọ̀wé, ṣé o jí kọ́kọ́rọ́?”

“Kábíyèsí, mi ò rí i sójú rí. Ìyàwó wa lọ jẹun, mo jókòó sórí àga rẹ̀. Mo ní kí aṣojú ṣílẹ̀kùn, ó ṣí i. Kò bi mí pé ta ni mí.”

“Máàkì ńkọ́?”

“Mẹ́ta àti mẹ́jọ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mẹ́ta àti mẹ́jọ ló ṣì wà níbẹ̀. Kí ni mo mú?”

Agbálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́rìí pé kọ̀ǹpútà wà ní ṣíṣí. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ní irọ́ ni, pípadé ló wà. Wọ́n bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní òun sùn ni, àmọ́ ibẹ̀ lòun kọjú sí.

Kábíyèsí yíjú sí obìnrin náà. “Ṣé aṣojú yìí lè máa béèrè kó tó ṣílẹ̀kùn?”

“Ó lè ṣe é.”

“Ṣé ó lè gbàgbé kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn wákàtí kan?”

“Ó lè gbàgbé.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún un?”

“Ọ̀rọ̀ aṣínà títẹ̀ ló sú mi, Kábíyèsí.”

Ìdájọ́ dé. Akọ̀wé á tẹ̀lé e lọ bá ọ̀gá lọ́la, á fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Obìnrin náà á máa tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà ní wákàtí-wákàtí.

“Ìwọ Akọ̀wé, oṣù kan gbáko, ẹ̀yìn àga rẹ̀ lo máa dúró sí. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí, wàá ní, ‘Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin ni?’”

Akọ̀wé béèrè iye ìgbà tí ilẹ̀kùn ń ṣí lóòjọ́.

“Bí igba,” ni ìyàwó wọn wí.

Akọ̀wé ní kí wọ́n kúkú jẹ́ kóun lọ tún ìdánwò ṣe.

Kábíyèsí ti dìde. “Kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ.”