Oúnjẹ Mẹ́síkò ti Bàbá Rosaline

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ ti dé Mẹ́síkò rí?"

Ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì Bàbá Rosaline ní Èrúwà ni Edith, ọmọ ilé ìwé tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ti bèèrè. Lọ́dún 1968 ni, nígbà tí rédíò ń dárúkọ Mẹ́síkò ṣáá nítorí eré ìdárayá àgbáyé tó ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Bàbá Rosaline náà sì ti fi ẹfun kọ ọ́ sára ògiri: OÚNJẸ MẸ́SÍKÒ, TỌ́RỌ́ PÉRÉ. Àwọn tíṣà kún inú ilé, wọ́n ń fi fọ́ọ̀kì jẹ ẹ́.

Bàbá Rosaline bojú wẹ̀yìn wò wọ́n. "Rọra sọ̀rọ̀, adájọ́. Kí ló fa ìbéèrè?"

"Àgbàdo tútù tí wọ́n lọ̀ ni, sà, pẹ̀lú ata àti epo. Àbàrí ni ìyá mi ń pè é."

"Ìyá rẹ ò gbọ́ èdè Mẹ́síkò."

"Màmá Rosaline náà ń pè é ní àbàrí lọ́dún tó kọjá, sà."

"Ta ló ń jẹ ẹ́ nígbà yẹn?"

Edith rò ó dáadáa. "Ewúrẹ́ yín, sà."

"O ṣeun. Ewúrẹ́ kì í sì í sanwó. Ṣé o rí tíṣà tó wọ táì yẹn? Ó ní òun ò lè jẹ oúnjẹ oko ní gbangba. Ìkẹta rèé tó ń jẹ lónìí. Lọ sọ fún un pé àbàrí ni. Tí gbogbo wọn bá dìde tán, kí o wá máa bá mi bọ́ ọmọ mẹ́fà."

Edith wo Rosaline, ọmọ kíláàsì rẹ̀, tó ń fọ àwo. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"N ò ní sọ, sà. Ṣùgbọ́n ewé ni ìyá mi fi ń pọ́n tiẹ̀. Kí ló dé tí ẹ̀yin ń lo háhá àgbàdo?"

"Kò sí ewé yẹn ní Mẹ́síkò."

"Ta ló sọ fún yín, sà?"

"Ta ló sọ fún ìwọ pé ó wà?"

"Ìdí nìyẹn tí mo fi bèèrè bóyá ẹ ti débẹ̀ rí."

Bàbá Rosaline ti ọ̀kan tó ṣì ń gbóná sí i lọ́wọ́. "Gbà, kí ẹnu rẹ ríṣẹ́ ṣe. Ọjọ́ tí ìwọ fúnra rẹ bá débẹ̀, wá bi mí."

Edith dàgbà, ó lọ kàwé ní Àmẹ́ríkà. Lọ́dún 1979, ó padà wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn kan náà. Rosaline ló ń po fúláwà báyìí. Bàbá rẹ̀ jókòó, fìlà bo orí rẹ̀ tó ti pá.

"Mo ti dé Mẹ́síkò, sà."

"Káàbọ̀. Rọra sọ̀rọ̀, tíṣà wà nínú ilé."

"Ìyá àgbà kan ń ta oúnjẹ lọ́jà wọn. Àgbàdo lílọ̀ ni, pẹ̀lú ata. Háhá ló fi pọ́n ọn."

Bàbá Rosaline bọ́ fìlà. "Háhá?"

"Háhá, sà. Tàmálè ni wọ́n ń pè é."

"Ewúrẹ́ tiwọn náà á ti kọ́kọ́ jẹ tiẹ̀."

"Ẹ wá dá mi lóhùn, sà. Ṣé ẹ ti débẹ̀ rí?"

"Ìbàdàn tí mo ti ń ra fúláwà ni ibi tó jìnnà jù tí mo dé rí. Àwọn ará Mẹ́síkò ló wá kọ́ oúnjẹ yìí ní Èrúwà, tí wọn ò tiẹ̀ yà kí wa."