Ìyá Boniface Di Òyìnbó Físà

Lọ́dún 1994, nígbà tí epo mọ́tò di ọ̀wọ́n gógó, Boniface, akọ̀wé káńsù ní Ọ̀wọ̀, gun ọ̀kadà wá sílé ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Boniface kì í rẹ́rìn-ín wá síbẹ̀ lásán. Òjò ṣú. Ìyá rẹ̀, Agatha, jókòó sí pálọ̀, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́.

BONIFACE: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o!

ÌYÁ: Ẹ káàbọ̀, sà. Ta lẹ̀ ń wá?

BONIFACE: Ẹ̀yin náà! Boniface ni.

ÌYÁ: Ẹ̀ẹ́n! Mo ní mo mọ ojú yìí. Ọdún Àjíǹde èṣí lo dé ibí kẹ́yìn, ẹran lo wá gbé.

BONIFACE: Iṣẹ́ ìjọba ni. Màmá, mò ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù! Pásípọ́ọ̀tù wà nínú báàgì yìí, físà ló kù.

ÌYÁ: Kí ni físà?

BONIFACE: Àṣẹ tí òyìnbó ń fúnni ká tó wọ ìlú wọn. Rùfáì tó ń bá mi ṣètò rẹ̀ ní oríṣi mẹ́ta ni. Ti iṣẹ́, àfi kí òyìnbó kan ti gbani síṣẹ́. Ti ẹ̀kọ́, àfi kí ilé ìwé wọn ti gbani wọlé. Ti ìbẹ̀wò, ọ̀sẹ̀ méjì péré, èèyàn ò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ kankan.

ÌYÁ: Kó má ṣiṣẹ́? Èyí ló bá ọ mu.

BONIFACE: Òun náà ni mo mú. Ṣùgbọ́n wọ́n á fẹ́ ẹ̀rí pé mo máa padà wálé. Ẹ̀yin lẹ̀rí mi! Mo fẹ́ ya yín ní fọ́tò. Kí ẹ fajú ro, bí ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́.

ÌYÁ: Ìyẹn ò ní ná mi ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí lo máa sọ fún òyìnbó tó ń fúnni ní físà ọ̀hún? Jẹ́ ká ṣe é wò. Gbé báàgì wá. Lọ jókòó. Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn, àga ẹ̀gbẹ́ ògiri ni. Èmi lòyìnbó.

(Ó nu ọwọ́ nù, ó gbé báàgì lé itan, ó na ọrùn.)

BONIFACE: Ẹ káàsán, sà.

ÌYÁ: Ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó.

BONIFACE: Màmá, mò ń wò yín!

ÌYÁ: Èmi náà ń wò ọ́ lójú fèrèsé lọ́jọ́ tí mo wá sí ọ́fíìsì yín ní Ọ̀wọ̀. Ò ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n ní o ò sí lórí ìjókòó.

(Boniface tún kọ́là rẹ̀ ṣe.)

ÌYÁ: Ó yá, mo ti dé. Kí lo fẹ́ wá ṣe nílùú wa?

BONIFACE: Mo fẹ́ wá kí ẹ̀gbọ́n mi Ambrose, sà.

ÌYÁ: Ambrose tó ti lọ láti ọdún tí bàbá yín kú, tó ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun máa lò, tí ọ̀sẹ̀ méjì náà ò tíì pé?

BONIFACE: Màmá...

ÌYÁ: Sà!

BONIFACE: Tèmi máa pé, sà. Mo ní ìyá arúgbó nílé. Gbogbo Sátidé ni mò ń lọ wò ó.

ÌYÁ: Ọmọ gidi. Kí ló fún ọ jẹ ní Sátidé tó kọjá?

BONIFACE: Iyán, sà.

ÌYÁ: Apá tó ń dùn ún látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun ló fi gún un?

BONIFACE: Apá? Ẹ̀... èmi ni mo gún un, sà.

(Òjò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀.)

ÌYÁ: Òrùlé ìyá yìí ńkọ́? Kò jò?

BONIFACE: Kò jò rárá! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kan páànù tuntun sí i.

(Omi já lu àtàrí rẹ̀: tó! Òmíràn bà á nímú.)

ÌYÁ: Kí ló ń já lé ọ lórí yẹn?

BONIFACE: Òógùn ni, sà.

(Ìyá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.)

ÌYÁ: Boniface, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé o máa padà?

BONIFACE: Màmá, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò ná.

ÌYÁ: Mo kọ̀. Kò sí físà.

(Inú bí Boniface. Ó ní òun ń lọ wá ọ̀kadà, ó sáré jáde láìrántí báàgì. Ìyá ti ilẹ̀kùn. Kò sí ọ̀kadà lọ́nà, òjò ló wà níbẹ̀. Ó sáré padà, ó ń gbálẹ̀kùn.)

ÌYÁ: Ta ni?

BONIFACE: Ọmọ yín ni!

ÌYÁ: Ìbẹ̀wò ni, ẹ̀kọ́ ni, àbí iṣẹ́?

BONIFACE: Màmá, òjò ń pa mí!

ÌYÁ: A ò ní irú físà yẹn.

BONIFACE: Iṣẹ́ ni! Iṣẹ́ ni, Màmá! Òrùlé ni mo wá tún ṣe!

(Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀.)

ÌYÁ: Wọlé. Ṣùgbọ́n òyìnbó nìkan kọ́ ló ń gba ẹ̀rí. Pásípọ́ọ̀tù rẹ ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ọjọ́ tí páànù bá wọlé ni yóò jáde.