Jímọ̀ Yà fún Áńbúláǹsì, Kámẹ́rà Mú Un

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ wa lánàá, ẹjọ́ tó lé oorun ọ̀sán lójú àwọn ìjòyè. Kí wọ́n tó pe olùpẹ̀jọ́ ni Baálẹ̀ ti ju ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè:

"Ẹ gbọ́ o, gbogbo ará Ọ̀jọ́! Èmi kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Irọ́ tó bá yọjú ní géètì mi, mo ti gbóòórùn ẹ̀ kó tó bọ́ bàtà!"

"Kábíyèsí!" àwọn ìjòyè dáhùn.

Jímọ̀, tó ń fi bọ́ọ̀sì kó ẹrù láti Ọjà Àlàbá, dọ̀bálẹ̀.

"Kábíyèsí, mo dúró jẹ́jẹ́ níwájú iná pupa ní oríta Ìbà. Áńbúláǹsì tí Àkànjí ń wà dé ẹ̀yìn mi, ó ń ké bí àgbò iléyá. Mo ní kí n má lọ pa aláìsàn ẹlòmíì. Mo sún síwájú, ó kọjá. Kí n tó délé, fáìnì ti wọ fóònù mi! Kámẹ́rà ti yà mí nínú iná pupa. Wọ́n ní tí mi ò bá san án, kò síwèé ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì mi ti wà nílẹ̀. Kí Àkànjí san án!"

"Àkànjí, kí lo rí sọ?"

"Aláìsàn ni mo gbé, Kábíyèsí. Ó ń mí hẹlẹ."

Sàmíát, nọ́ọ̀sì tó bá a wọkọ̀ lọ́jọ́ náà, kúnlẹ̀.

"Òkú ni, Kábíyèsí. A ń gbé e lọ sin."

Àkànjí tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Èwo ni ká gbà?" Baálẹ̀ bi wọ́n.

"Méjèèjì, Kábíyèsí," Àkànjí ní. "Aláìsàn ni nígbà tá a gbéra. Òkòkòmáìkò ló ti yí ọkàn padà, ló bá kú."

Jímọ̀ figbe ta. "Òkú wá ń kánjú! Níbo ló ń sáré lọ?"

"Jímọ̀, ìwọ Mùsùlùmí! Ṣé a máa ń fi òkú wa pẹ́ nílẹ̀ ni?" Sàmíát dá a lóhùn.

Àwọn ìjòyè mirí. Ẹjọ́ fẹ́ yí dà lé Jímọ̀ lórí. Ni Àríkẹ́, tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá géètì, bá dìde.

"Mo rí òkú náà nígbà tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó rí pẹlẹbẹ."

"Ó rù ni," Sàmíát ní.

"Wáyà ń fì nídìí ẹ̀."

"Omi la fà sí i lára!"

"Òkú ń gba omi? Eyín mẹ́ta ló wà lẹ́nu wáyà ọ̀hún. Wọ́n sì ń pariwo pé, 'Ẹ rọra, gíláàsì ni!'"

Baálẹ̀ ṣàdédé rántí pé òun ò tíì jẹun. "Ó tó! Ẹ jẹ́ ká sinmi."

"Rárá o, Kábíyèsí!" Olóyè Òjó fò sókè. "Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn! Ẹni tó rán wọn, ká lé e kúrò nílùú! Àríkẹ́, ilé ta ni wọ́n gbé e wọ̀?"

"Ilé yìí ni, sà."

Gbogbo wa gbójú sókè. Ó wà lára ògiri lókè orí Baálẹ̀, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

Baálẹ̀ wúkọ́. "Kí ni ǹ bá ṣe? Jímọ̀, ta ló fi bọ́ọ̀sì gbé ti àkọ́kọ́ kó sínú kòtò tó fi fọ́ yángá?"

"Èmi ni, Kábíyèsí," Jímọ̀ ní.

"Ìdájọ́ rè é! Àkànjí ò jẹ̀bi, iṣẹ́ la rán an. Jímọ̀ ò jẹ̀bi, àánú ló ṣe é. Èmi ò lè dá ara mi lẹ́jọ́. Tẹlifíṣọ̀n ló jẹ̀bi! Ó díbọ́n àìsàn, ó tún díbọ́n ikú. Ẹ kọjú ẹ̀ sógiri títí ọdún á fi yí po!"

Olóyè Òjó bú sẹ́kún nítorí bọ́ọ̀lù alẹ́ tó fẹ́ wá wò. Àwọn yòókù ń pàtẹ́wọ́ fún ọgbọ́n Baálẹ̀.

Bàrákátù, ìyàwó Jímọ̀, nawọ́ sókè.

"Ẹ ṣeun, Kábíyèsí. Fáìnì ṣì wà nílẹ̀."