Níbo Ni Mọ́tò Ń Sùn?

Ìka méjì ló fi mú bísíkíìtì náà. Àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá. Ó rì í bọ inú tíì, ó ń kà á lábẹ́lẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta. Kó tó di ẹ̀rin, ó ti fà á jáde. Ó rọ̀, ó ń kán tó, tó, ṣùgbọ́n odindi ni. Clifford Barraclough, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, kò tíì pàdánù bísíkíìtì kan sínú ife láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.

"Àkókò ni," ó ní. "Gbogbo nǹkan láyé yìí, kéèyàn ṣáà ti mọ àkókò."

Maisie, ọmọ ọmọ rẹ̀, jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Àárọ̀ Sátidé ni, ní Threlby, abúlé tí àgùntàn ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Tó bá di Mọ́ńdé, yóò kó lọ sí Bradford, níbi tí ilé búrẹ́dì ńlá kan ti gbà á síṣẹ́. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń wọlé. Kò sí bọ́ọ̀sì tó ń kọjá níbẹ̀ nígbà yẹn. Mọ́tò Micra pupa tí ìyá àgbà rẹ̀, Doreen, fi sílẹ̀ fún un kó tó kú ni yóò máa gbé e lọ. Ìyẹn bí owó ìnṣọ́ránsì bá gbà.

"Bàbá àgbà, ẹ wá wo nǹkan."

"Mo ń wò ó."

"Tíì lẹ̀ ń wò."

"Ojú kan wà fún tíì, ìkejì wà fún ẹ. Sọ̀rọ̀."

"Bí mo ṣe ń gbé níbí, ẹgbẹ̀rún kan àti ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi lọ́dún. Ó dáa. Mo wá yí kóòdù àdúgbò padà sí ti Bradford. Ẹ wo ohun tó kọ."

Clifford fa awò ojú rẹ̀ láti iwájú orí wá sí orí imú. Ó wò ó. Ó tún un wò.

"Ẹgbẹ̀rún méjì àti ọ̀ọ́dúnrún. Kí lo kọ lù?"

"Mi ò kọ lu nǹkan kan."

"Mọ́tò yẹn ńkọ́, òun kọ lu nǹkan?"

"Ó wà níta, Bàbá. Ẹ̀ ń wò ó láti ojú fèrèsé."

"Ta ló wá kọ lu nǹkan?"

"Àwọn ará àdúgbò tí mò ń lọ."

"O mọ̀ wọ́n?"

"Mi ò rí ẹnì kankan nínú wọn rí."

"Wọ́n gbá ara wọn, wọ́n wá ní kó o wá san án?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ibi tí mọ́tò ń sùn ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá ń gbá ara wọn níbẹ̀, bí wọ́n bá ń jí mọ́tò níbẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ń gbébẹ̀ ló máa pín in san. Ọmọdé bíi tèmi ló sì máa gba ìpín tó tóbi jù."

"Kí wọ́n ṣáà kí ọ káàbọ̀ ná."

"Ìkíni káàbọ̀ náà nìyẹn."

Clifford mú bísíkíìtì mìíràn. Ení, èjì, ẹ̀ta. Odindi.

"Ó tán. Sọ fún wọn pé ibí ni mọ́tò ń sùn."

"Irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ báwo? Ibí ló sùn lánàá."

"Láti Mọ́ńdé ńkọ́?"

"Mọ́ńdé ò tíì dé. Eré lò ń sá. Èyí tó burú lára ẹ̀yin ọ̀dọ́ nìyẹn, eré àsápajúdé."

"Bàbá, àpótí wà nínú mọ́tò."

"Àpótí wo?"

"Èyí tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ibi tí rédíò wà. Ó ń sọ fún wọn bí mo ṣe ń sáré, bí mo ṣe ń tẹ bíréèkì, ibi tí mo gbé mọ́tò sí mọ́jú."

"Olófòófó."

"Olófòófó náà ni wọ́n fi ń dín owó kù fún wa. Bí kò bá sí i ni, ẹ ò ní lè ka iye tí wọ́n máa pè."

"Yọ ọ́. Gbé e fún mi. Màá fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Á sọ fún wọn pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín ni mo gbé mọ́tò sí."

"Wọn ò wá ní dín owó kù ni? Ta ló fẹ́ jí i níbẹ̀?"

Maisie fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Nígbà tó ṣí i, àgùntàn kan ti ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé.

"Bí mo bá parọ́, tí nǹkan wá ṣẹlẹ̀, wọn ò ní san pẹ́nì kan. Wọ́n á fagi lé ìwé mi. Kò sí ìwé, kò sí mọ́tò. Kò sí mọ́tò, kò sí aago márùn-ún ìdájí. Ọ̀gá ibẹ̀ ti sọ fún wa: ẹni tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó má wulẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kẹta."

"Ó dáa. A ò ní parọ́. A ó kàn tún òótọ́ sọ."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ohun tí gbogbo ilé ń ṣe bí ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì bá délẹ̀. Wọ́n ń yí ìdáhùn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo iye tó máa jábọ́.

"Kí lo pe iṣẹ́ ẹ?"

"Oníbúrẹ́dì."

"Kí ló tún wà níbẹ̀?"

"'Òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì.'" Ó tẹ̀ ẹ́. "Háà! Ogójì pọ́n-ùn ló lọ sílẹ̀."

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

"Oníbúrẹ́dì máa ń jí ní ìdájí."

"Òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì ńkọ́?"

"Wọn ò sọ."

"Á jẹ́ pé ó ń sùn sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ibo lo máa gbé mọ́tò sí?"

"Ojú títì, níwájú ilé."

"Mú gáréèjì."

"Mi ò ní gáréèjì."

"À ń dán an wò ni. Owó ò sí nínú ìdánwò." Maisie tẹ̀ ẹ́. Clifford fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. "Ó gbówó lé e! Gáréèjì wọ́n ju ojú títì! Àwọn wèrè wo nìyí?"

"Bóyá wọ́n mọ̀ pé èèyàn lè gbá ògiri nígbà tó bá ń wọlé."

"Ta ló ń gbá ògiri?"

"Ẹ lọ wo ògiri gáréèjì yín."

"Ògiri yẹn ló sún síwájú."

Maisie tún kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ó ti dé ìbéèrè tó tẹ̀lé e. "Wọ́n ní ṣé mo ti lọ́kọ."

"Bí o bá ti ní ńkọ́?"

"Ó dín ọgọ́rin pọ́n-ùn."

Clifford rọra gbé ife kalẹ̀. "Ṣé kò ṣáà sí ẹnì kankan?"

"Bàbá! Nítorí ọgọ́rin pọ́n-ùn?"

"Ohun tí ìyá àgbà ẹ torí ẹ̀ fẹ́ mi ò tó bẹ́ẹ̀."

Maisie rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dá gbogbo ìdáhùn padà sí bí wọ́n ṣe wà. Oníbúrẹ́dì. Ojú títì. Kò tíì lọ́kọ. Iye náà gun òkè padà bí ológbò tó mọ àga rẹ̀.

"Mi ò ní in, Bàbá. Mo lè san ti ibí. Mi ò lè san ti Bradford. Mo gbọ́dọ̀ sọ fún wọn kí n tó kó lọ. Bí n kò bá rí i san lónìí, màá pe ilé búrẹ́dì kí wọ́n mú ẹlòmíràn."

Aago ara ògiri ń lù.

"O lè dúró síbí." Inú ife tíì ló sọ ọ́ sí.

"Bàbá."

"Mo kàn sọ ọ́ ni."

Ó tún mú bísíkíìtì, ṣùgbọ́n kò rì í bọ tíì. Ó dá a dúró lókè ife. Ojú rẹ̀ là.

"Fi mí sí i!"

"Síbo?"

"Sínú ìwé ìnṣọ́ránsì ẹ! Awakọ̀ kejì! Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n: bí àgbà tó mọ̀ ọ́n wà bá wà nínú ìwé ọmọdé, owó á wálẹ̀. Kì í sì í ṣe irọ́. Bí o bá wá kí mi, èmi ni màá wà wá lọ sọ́jà."

Maisie wò ó. "Ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni?"

"Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo ti ń wakọ̀. Mo wà á nínú yìnyín. Mo wà á nínú kùrukùru tí mi ò fi rí ọwọ́ ara mi. Àgùntàn kan ò tíì fẹjọ́ mi sùn. Kọ orúkọ mi."

"Mo ti kọ ọ́. Ìgbà wo lẹ gba láísẹ́ńsì?"

"Kí wọ́n tó bí bàbá ẹni tó ń béèrè."

"Ìjàǹbá, láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn?"

"Rárá."

"Ògiri ńkọ́?"

"Wọ́n bi ọ́ léèrè ògiri?"

"Rárá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Máa lọ." Ó ri bísíkíìtì bọ inú tíì. Ení.

"Ẹ̀ṣẹ̀ ojú títì. Ọlọ́pàá, kámẹ́rà, àmì ìjìyà lórí láísẹ́ńsì. Láàárín ọdún márùn-ún."

Èjì.

"Bàbá?"

Ẹ̀ta.

"Bàbá àgbà?"

Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà.

Bísíkíìtì já. Ìdajì rẹ̀ rì lọ láìdún. Àwọn méjèèjì tẹ́ ọrùn, wọ́n wo inú ife.

"Tíì yìí ti tutù," Clifford ní.

"Mélòó?"

"Mélòó kí ni?"

"Àmì tó wà lórí láísẹ́ńsì yín."

"Kò pọ̀."

"Mẹ́ta?"

Clifford ń fi ṣíbí wá bísíkíìtì.

"Mẹ́fà?"

"O ti ń sún mọ́ ọn."

"Mẹ́sàn-án! Bàbá! Ó ku mẹ́ta péré kí wọ́n gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ yín!"

"Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Òun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, àmì mẹ́ta mẹ́ta. Kò lójútì."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní eré àsápajúdé ló ń ba ọ̀dọ́ jẹ́? Ibo lẹ̀ ń sáré lọ?"

"Mi ò lọ. Mò ń bọ̀ ni."

"Láti ibo?"

Ó fi ṣíbí ro tíì. "Ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín. Fúráìdé ni gbogbo ẹ̀. Aago méjì ni wọ́n ń tì í. Máìlì mẹ́rin sì ni láti ibẹ̀ dé ibí. Bí èèyàn bá ń rọra bọ̀, ó máa tutù."

Maisie rántí. Gbogbo Fúráìdé, ọjọ́ tí iléèwé máa ń tètè tú, tó bá ti dé, ẹja díndín àti ọ̀dùnkún díndín lórí tábìlì yìí, nínú bébà wọn, èéfín ṣì ń rú.

"Mo máa ń sọ pé ẹja yín máa ń gbóná."

"O máa ń sọ ọ́." Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ó sì máa ń dùn mọ́ mi."

Maisie kọ mẹ́sàn-án sí ibi tí wọ́n ní kí ó kọ ọ́ sí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ka ohun tó jáde. Ó tún un kà.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹgbẹ̀ta."

"Ti ta ni?"

"Tiyín. Odindi Bradford fi ẹgbẹ̀rún kan àti igba lé owó mi. Ẹ̀yin nìkan fi ẹgbẹ̀rún kan àti ọ̀ọ́dúnrún lé e. Bàbá, ẹ wọ́n ju Bradford lọ."

Clifford ti awò ojú rẹ̀ padà sí iwájú orí.

"Èló ni wọ́n wá ń gbà lórí mọ́tò Rover yín?" Maisie béèrè.

Ó fa agolo bísíkíìtì sún mọ́ra. Ó kó ìpele òkè kúrò. Ó kó ti ìsàlẹ̀ kúrò. Lẹ́tà kan wà nísàlẹ̀ agolo, wọ́n ká a sí mẹ́rin, èérún bísíkíìtì ti kún ibi tí wọ́n ti ká a.

"Ẹgbẹ̀rún kan, igba, àti ogún pọ́n-ùn," Maisie kà. "Kẹ́ ẹ san án kó tó di Tọ́sìdé. Bàbá, ẹ fi èyí pa mọ́ fún mi?"

"Ìpele òkè lo sáábà máa ń jẹ. Mo rò pé o ò ní débẹ̀."

Ó dìde. Kọ́kọ́rọ́ Rover wà lára ìṣó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Doreen. Ó mú un. Ó wò ó. Ó gbé e lé orí lẹ́tà náà, ó sì tì í sọ́dọ̀ ọmọ náà.

"Ẹgbẹ̀rún kan àti igba ló kù kí owó ẹ pé? Mi ò ní wa Rover mọ́, fi owó ẹ̀ san tìẹ."

"Rárá, Bàbá. Mi ò gbà. Kí lẹ ó máa fi lọ ra ẹja?"

"Aago mélòó lo ń ṣíwọ́ lọ́jọ́ Fúráìdé?"

"Aago kan ọ̀sán."

"Láti Bradford sí ṣọ́ọ̀bù ẹja ńkọ́?"

"Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Bí mi ò bá sáré."

"Wọ́n ń tì í ní aago méjì. O ò ní láti sáré."

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àkókò ni. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́, aago ló sọ ọ́."

Maisie yọ orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ kúrò. Kọ̀ǹpútà bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀: níbo ni mọ́tò máa ń sùn? Ó kọ Bradford. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ogún pọ́n-ùn ló ṣẹ́ kù nínú tiyín," ó ní.

"Ẹja Fúráìdé àkọ́kọ́ nìyẹn." Clifford ti rí bísíkíìtì rẹ̀ nísàlẹ̀ ife. Ó fi ṣíbí gbé e, ó jẹ ẹ́. "Kí ó sì gbóná o."

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, mọ́tò kan ṣoṣo ló kù nílé Barraclough, Bradford ló sì ń sùn. Ní gbogbo Fúráìdé, ó máa ń kọjá níwájú kámẹ́rà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ pẹ̀lú eré ọgbọ̀n máìlì ní wákàtí kan géérégé, bí òfin ṣe sọ. Ẹja náà máa ń ti tutù kó tó dé.