Oògùn Àpá Tó Pe Èèrà Jọ

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé, bó ti wù kí n gbìyànjú tó.

Nígbà yẹn, mò ń já ẹrù tòmátì lọ́jà Mile 12 l'Ékòó. Ìṣó kan tó yọrí lára pákó ọkọ̀ ló ya mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Egbò jiná, àpá gbọọrọ ò lọ. Bísí tí mo fẹ́ fẹ́ wá sọ pé ìyá òun fẹ́ rí mi nílé wọn ní Ìkòsì lọ́jọ́ Sunday.

Ó ní, "Mummy ò fẹ́ ọmọ ìta nítòsí mi o. Bó o ṣe rí yìí, wọ́n á ní ìjà lo jà."

Mo bá gba kẹ́míìsì kan lọ ní Kétu. Aunty tó ń tajà níbẹ̀ gbé ìgò kékeré kan fún mi, hóró funfun wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ó ní oògùn àpá ni, àwọn òyìnbó ló ń lò ó.

"Bọ̀dá, abẹ́ ahọ́n lẹ máa fi sí o, á yọ́ fúnra ẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó lọ lọ́nà: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni àpá wà, kí ló kan ahọ́n? Lọ́dọ̀ tiwa ní Mile 12, téèyàn bá fara pa, kápúsù la máa ń tú, a ó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò, ó parí. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo lọ díẹ̀ nínú hóró náà kúná láàárọ̀ Sunday, mo fi omi díẹ̀ pò ó, mo fi pa ojú. Nígbà tó gbẹ, ó ń dán. Mo ní ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mo sùn sórí ẹní kó lè wọlé dáadáa.

Àfi bíi pé wọ́n ta iná sí mi lójú. Èèrà pupa ti tò láti ojú fèrèsé wá bá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara mi létí lọ́tùn-ún lósì, títí ará yàrá kejì fi kan ògiri.

"Ta ni wọ́n ń lù níbẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ta ló ń lù ẹ́?"

"Èmi náà ni."

Mo gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Nígbà tí mo fi dé Ìkòsì, ojú mi kan ti wú pa dé. Bísí ṣílẹ̀kùn, ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Ta lo bá jà?"

"N ò jà, Mummy. Èèrà ni, mà."

Bí mo ṣe wà nílẹ̀ yẹn, mo rọ́ gbogbo ẹ̀ láti orí ìṣó dé orí oògùn. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti lọ̀ ọ́, wọ́n ní kí n dúró ná.

"Ohun tí wọ́n ní kó o fi sábẹ́ ahọ́n, o fi pa ojú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ẹ̀rín pa wọ́n títí wọ́n fi di àga mú. "Bísí, lọ bu omi wá fún un. Ẹni tó fẹ́ purọ́ á wá irọ́ tó dáa ju èyí lọ."

Mo fi hóró tó ṣẹ́kù sábẹ́ ahọ́n bí Aunty ṣe wí. Adùn bíi ti ṣúgà ni mo rí, àpá ò lọ síbì kan. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò ju pé ká gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún wa nípa oògùn. Ó sì ń dùn mí pé mi ò kúkú gbé àpá mi lọ bó ṣe wà, kí n sọ pé ìṣó ni. Mummy ì bá ti gbà mí gbọ́.

Bísí ti di ìyàwó mi báyìí. Tí mo bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án, á gbé ṣúgà kúrò nítòsí mi. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ohun tí mo tún lè fi pa ojú. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ sọ?