Kí Gbogbo Ìlú Tutù Títí A Ó Fi Rí Ajá Bàbá Wolé-Wolé

ÌKÉDE ÌRỌ̀LẸ́ ỌJỌ́RÚ

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù Ṣẹẹrẹ, ajá Bàbá Ọ̀ṣúndélé sọnù.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ tún un gbọ́ o! Ará Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, ẹni tó ń lọ kó dúró! Ẹni tó jókòó kó dìde! Ẹni tó ń jẹun kó dá òkèlè dúró lẹ́nu! Ọlọ́pọ̀tọ́, Kábíyèsí wa, ló ní kí a kí yín. Wọ́n ní ajá kan sọnù. Wọ́n ní kì í ṣe ajá lásán.

Ẹ mọ Bàbá Ọ̀ṣúndélé. Bàbá Wolé-wolé ni. Òun ló máa ń wọ kakí wọ ilé yín nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, tó ń tú ìkòkò omi ìyá yín wò bóyá tanwíjí wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òun náà ló ní kí gbogbo ajá ìlú yìí wà lórí ìso nígbà kan. Ẹ kò tíì gbàgbé. Kábíyèsí ní kí ẹ gbàgbé. Kí ẹ gbàgbé lónìí, kó tó di alẹ́!

Ajá tó sọnù yìí kì í ṣe tirẹ̀. Ti ìyàwó rẹ̀ ni, Màmá Àwẹ̀ró, tó kú ní oṣù Agẹmọ tó kọjá. Ajá pupa ni. Etí rẹ̀ òsì gé. Kò sanra. Ìwà rẹ̀ kò dára. Màmá Àwẹ̀ró ló sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà sì ni Ẹnu-Ò-Rẹ̀-Yín.

Ẹ má rẹ́rìn-ín! Kábíyèsí ní kí ẹ má rẹ́rìn-ín! Ta ni kò mọ bí a ṣe ń sọ ajá lórúkọ nílùú yìí? Ẹni tí aládùúgbò bá ṣẹ̀ kì í bá a jà. Ajá ni yóò lọ wá, yóò sì fi gbogbo ohun tó fẹ́ sọ fún aládùúgbò sọ ajá lórúkọ. Èéfín ààrò Ìyá Bùsúyì oníbúrẹ́dì ló ń ba aṣọ tí Màmá Àwẹ̀ró sá sóòrùn jẹ́. Màmá Àwẹ̀ró sọ̀rọ̀. Ìyá Bùsúyì lọ sọ fún gbogbo ọjà pé aṣọ náà ti dúdú kí èéfín tó débẹ̀. Láti ìgbà náà, láràárọ̀, Màmá Àwẹ̀ró á lọ dúró nídìí ògiri tó pààlà ilé méjèèjì, á kọjú sí ilé oníbúrẹ́dì, á sì ké pe ajá tó dùbúlẹ̀ sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà jíjìn la ti ń gbọ́ ọ.

Bàbá Ọ̀ṣúndélé kò pe orúkọ náà rí. Ó ní ẹni tó ṣiṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ ti ẹ̀yìn ajá bú èèyàn. "Ìwọ" ló ń pè é. Ṣùgbọ́n láti oṣù Agẹmọ, bí ó bá ti òde dé, tó ti ilẹ̀kùn, ajá yìí nìkan ló ń dìde fún un nínú ilé. Kò sọ èyí fún Kábíyèsí. Ó kàn dúró ní àgbàlá ààfin, ó ṣí fìlà, ó ní, "Kábíyèsí, ajá ilé mi kò sí nílé." Ìjòyè kan tí ẹ̀rín fẹ́ pa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Nítorí náà, Kábíyèsí ránṣẹ́ pe Mojíṣọ́lá, ọmọ wa tó ń wọn ilẹ̀, pé kó gbé dróònù rẹ̀ wá, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò lójú ọ̀run. Dróònù yìí kì í wá nǹkan bí ojú tiwa ṣe ń wá a. Ooru ló ń wá! Ohun tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ á funfun lójú ẹ̀rọ. Ohun tó bá tutù á dúdú. Àfẹ̀mọ́jú ló máa ń ríran jù, nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú kí ilẹ̀ tutù bí omi àmù.

Mojíṣọ́lá gbé e fò láàárọ̀ òní. Ó rí ooru. Ó rí i jù! Ó rí ewúrẹ́. Ó rí ààrò. Ó rí Olóyè Aṣípa, tó ti ní òun wà nírìn-àjò, lẹ́yìn ilé ara rẹ̀, níbi tó ti ń dá iṣu sun jẹ kí àwọn ìyàwó rẹ̀ má baà gbóòórùn. Àwọn ọdẹ sáré tẹ̀lé ooru ńlá kan wọ igbó. Wọ́n yí i ká. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó jáde. Ààtàn tó ń jó lábẹ́lẹ̀ ni.

Kábíyèsí ronú. Wọ́n ní bí gbogbo ìlú bá tutù, ajá nìkan ni yóò gbóná. Ẹ gbọ́ àṣẹ o! Àṣẹ ọba ni!

Èkíní. Láti àfẹ̀mọ́jú ọ̀la títí oòrùn yóò fi yọ, kò sí iná ní Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́. Kò sí igi, kò sí èédú, kò sí sítóòfù. Ẹni tí a bá bá ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀ yóò mu garawa omi kànga kan níwájú ààfin. Orí ìdúró ni yóò sì ti mu ún!

Èkejì. Kí gbogbo ẹran ọ̀sìn wà nínú ilé. Ewúrẹ́ tí ẹ̀rọ bá rí níta, ajá la ó kà á sí. A ó fà á lọ fún Bàbá Ọ̀ṣúndélé, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa gbó títí olúwa rẹ̀ yóò fi wá bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Ẹni tí ibà ń ṣe kò gbọdọ̀ yọjú síta. Ibà rẹ̀ lè ṣi ẹ̀rọ lọ́nà.

Ẹ̀kẹrin. Kò sí ìjà! Ẹni tó ń jà, ara rẹ̀ á gbóná. Kí tọkọtaya tí wọ́n ní aáwọ̀ gbé e kalẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Bí oòrùn bá yọ, kí wọ́n máa bá a lọ níbi tí wọ́n bá a dé.

Ẹ̀karùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni má ké orúkọ ajá náà kiri mọ́. Láàárọ̀ àná, àwọn ọ̀dọ́ Ìsàlẹ̀-Odò gba Òkè-Ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, wọ́n ń ké pé, "Ẹnu-Ò-Rẹ̀-Yín! Ẹnu-Ò-Rẹ̀-Yín o!" Ajá ni wọ́n ń wá. Ará Òkè-Ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ni wọ́n ń bú. Ẹ mọ ohun tó tẹ̀lé e.

Ẹni tó bá rú òfin yìí, kó má sọ pé òun kò gbọ́. Agogo dún dé ẹnu ọ̀nà yín!

ÌKÉDE ÌRỌ̀LẸ́ ỌJỌ́BỌ̀

Ẹ gbọ́ o! Etí gbogbo, ẹ tún ṣí!

Kábíyèsí ní ẹ ṣeun. Ìlú tutù. Ìlú tutù débi pé Kábíyèsí fúnra wọn mu ògì tútù, a sì rí ojú wọn. Gbogbo ojú ẹ̀rọ dúdú bí ìdí ìkòkò, àfi ibì kan. Ibì kan ṣoṣo ló ń tàn bí oṣù! Ààrò Ìyá Bùsúyì ni.

Wọ́n ní kó pa iná. Ó ní, "Ìyẹ̀fun ti wú. Ẹni tó bá fẹ́ kí n paná, kó wá bẹ ìyẹ̀fun kó sọ̀kalẹ̀." Wọ́n ní àṣẹ ọba ni. Ó ní, "Kábíyèsí o! Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi wọ́n: ajá tí wọ́n fi bú mi láràárọ̀, òun náà ni n ó torí rẹ̀ ba ọjà mi jẹ́?" Àwọn kan níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Àwọn kan ní kò ní. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n rú òfin kẹrin.

Bàbá Ọ̀ṣúndélé gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìhà kejì ògiri. Láyé iṣẹ́ rẹ̀, ìwé ìpẹ̀jọ́ ni ì bá kọ. Kò kọ nǹkan kan. Ó gba ẹnu ọ̀nà yípo, ó wọ àgbàlá oníbúrẹ́dì, níbi tí kò wọ̀ rí láìsí kakí lọ́rùn. Ó ṣí fìlà.

Ó ní, "Ìyá Bùsúyì, ẹ má bínú. Aṣọ ìyàwó mi wà. Bàtà rẹ̀ wà. Nínú gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ fún mi, ajá yẹn nìkan ló ń mí."

Ìyá Bùsúyì wo ìyẹ̀fun rẹ̀. Ó wo ojú ọkùnrin náà. Ó mú ọ̀pá onírin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa ẹyin iná jáde kúrò nínú ààrò.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ àfikún àṣẹ!

Ẹ̀kẹfà. Kò sí búrẹ́dì lọ́la. Ẹni tó bá bi Ìyá Bùsúyì léèrè búrẹ́dì, kó fi ìbéèrè rẹ̀ jẹ ẹ̀wà.

Èkeje. Ààrò amọ̀ kì í tètè tutù. Kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mú abẹ̀bẹ̀, kí wọ́n máa fẹ́ ẹ títí yóò fi tutù.

Ẹ̀kẹjọ. Kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yé fẹ́ ẹ! Iná ti tún ràn. A fagi lé àṣẹ keje. Ẹni tí a bá rí pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lágbègbè ibẹ̀, a ó fi abẹ̀bẹ̀ náà nà án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹ̀rọ yóò tún fò. Ẹ máa tutù lọ!

ÌKÉDE ÌRỌ̀LẸ́ ỌJỌ́ ÀBÁMẸ́TA

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́, kí ẹ sì sinmi!

Láàárọ̀ òní, ààrò tutù. Dróònù gòkè. Mojíṣọ́lá tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ. Òrùlé dúdú, ọ̀nà dúdú, igi dúdú. Lẹ́yìn náà ni ohun kékeré kan funfun, ó ká bí òṣùká, láàárín ẹ̀yìn ààrò oníbúrẹ́dì àti ògiri. Ajá ni! Láti ọjọ́ Ajé ló ti wà níbẹ̀. Ooru ààrò ló bo ooru rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má bi wá pé kí ló gbé e débẹ̀. Ọyẹ́ ń mú, ìdáná ilé Bàbá Ọ̀ṣúndélé kò sì rí iná láti oṣù Agẹmọ. Ajá kì í sùn ti eérú tó ti kú.

Gbogbo ìlú dé. Ajá kò jáde. Bí dróònù bá ti kùn, á tún sún wọnú. Àwọn ọdẹ fi eegun lọ̀ ọ́. Olóyè Aṣípa fi iṣu sísun lọ̀ ọ́, ó dùn ún. Ajá kò jáde. Bàbá Ọ̀ṣúndélé kúnlẹ̀ sínú eérú pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Ó ní, "Ìwọ. Jáde." Ajá kùn sí i.

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, ẹ pe orúkọ rẹ̀!"

Bàbá wo Ìyá Bùsúyì. Ìyá Bùsúyì ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó wo òkè. Kábíyèsí gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè: wọ́n dá àṣẹ karùn-ún dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bàbá tún ohùn ṣe. Ó ní, "Ẹnu-Ò-Rẹ̀-Yín."

Ajá kò mira.

Ìyá Bùsúyì pòṣé. Ó ní, "Bàbá! Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn? Ẹ ń pè é bí akọ̀wé kóòtù. Ẹ sún sẹ́yìn."

Ó fi ọwọ́ kan lé ìbàdí. Ó gbé èkejì lé ògiri. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀, ó wú ikọ́ kékeré kan, ó sì fà á gùn, ó fà á gùn, ó jù ú sókè níparí bí ẹni ju òkò: "Ẹnuuu-Ò-Rẹ̀-Yíííín!"

Ohùn Màmá Àwẹ̀ró ni. Kò yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n fi bú láràárọ̀ fún ọdún gbọọrọ, ta ni yóò mọ̀ ọ́n jù ú lọ?

Ajá jáde, ó ń jurù, eérú bò ó. Ó gbóòórùn ẹsẹ̀ Ìyá Bùsúyì. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo òkè ògiri. Ó jókòó. Bàbá Ọ̀ṣúndélé mú un ní ọrùn, ó sì dìde. Gbogbo ènìyàn rò pé yóò máa lọ sílé. Kò lọ. Ó dúró, ó kọjú sí ògiri.

Ó ní, "Ìyá Bùsúyì, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ tún un pè."

Ìyá Bùsúyì tún un pè.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ àṣẹ tó kẹ́yìn! Láràárọ̀, kí Ìyá Bùsúyì tó dáná, yóò lọ sí ìdí ògiri, yóò sì pe ajá náà bó ṣe yẹ kí a pè é. Ẹni tó bá ní ó ń bú ènìyàn, òun náà yóò wá ajá rà, Kábíyèsí ni yóò sì sọ ọ́ lórúkọ! Ẹ lè dáná. Ẹ lè jà. Ẹni tí ibà ń ṣe lè jáde.

Iṣẹ́ tí ààfin rán nìyí, agogo ti jẹ́ ẹ. Ẹni tó gbọ́ kó sọ fún ẹni tó sùn. Ó ku àwọn ohun tí ẹ fi sílẹ̀ ní àgbàlá Ìyá Bùsúyì láàárọ̀ yìí:

Sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì kan, ti ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ ńlá.

Ìborùn aláwọ̀ ewé.

Eyín àtọwọ́dá ti òkè. Olówó rẹ̀ mọ ara rẹ̀.

Rédíò kékeré kan tó ṣì ń sọ̀rọ̀.

Tòlótòló kan tí kò fẹ́ lọ.

Búrẹ́dì kan tí a yan nírọ̀lẹ́ yìí, tó ṣì gbóná, tí a fi aṣọ mímọ́ wé, lórí ògiri, ní ìhà ti Bàbá Ọ̀ṣúndélé. Èyí kò sọnù. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.